Break: nínú fọ́, sán, ṣẹ́ àti já, èwo ló yẹ ká mú?

Lọ́jọ́ ọjà kan ní Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́, mo dúró nídìí àtẹ ìyá kan tó ń ta igbá. Ọmọbìnrin kékeré tó ń bá wọn tajà gbé igbá méjì léra, èyí tó wà lókè yọ̀, ó balẹ̀. Ọmọ náà kígbe pé, "Mọ́mì, ó ti ṣẹ́!" Ìyá yìí ò tiẹ̀ tíì wo ilẹ̀ tí wọ́n fi dá a lóhùn: "Igbá kì í ṣẹ́. Ṣé ó fọ́ ni àbí ó sán?"

Ọmọ náà gbé igbá ọ̀hún, ó yí i po, kò rí nǹkan kan sọ. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi èékánná kan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tẹ́tí sí i. Ìró rẹ̀ ò já gaara mọ́. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan yọ láti etí igbá dé agbedeméjì. "Ó sán ni," ni wọ́n wí. "A ó gán an." Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀tọ̀ sí àwọn tó wà fún títà.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, mo sì máa ń ṣe ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ti wá. Break ni wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi break kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu nínú Yorùbá ni yóò mú. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí o kọ́kọ́ sọ irú ohun tí nǹkan náà jẹ́, kí o sì sọ bó ṣe ṣe é: ṣé ó le ni àbí ó rọ̀, ṣé gbọọrọ ni àbí roboto, ṣé ó ti pínyà tán àbí ó ṣì di ara rẹ̀ mú. Ìyẹn ni mo fẹ́ ká fi ṣe ìwọ̀n bí a ṣe ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí síra wọn.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n Òyìnbó o. Nígbà tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 1989, ìtumọ̀ tó lé ní irínwó ni wọ́n rí fún set nìkan, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta péré. Ní ti break, wọ́n ní shatter, wọ́n ní snap, wọ́n ní crack, burst, tear, split, fracture àti breach, gbogbo wọn ló sì ní àyè tiwọn. Àmọ́ break lè dúró fún púpọ̀ jù nínú wọn, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ wí. Ọ̀dọ̀ tiwa, bí o bá ní igbá ṣẹ́, ìyá oníigbá á bá ọ wí.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí àwọn olùkọ́ máa sọ tó. Bí Òyìnbó bá fẹ́ sọ bí ìfọ́ náà ṣe pọ̀ tó, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ló ń lọ mú: awo tó break kékeré ti crack, èyí tó break kọjá ààlà ti shatter. Àwa máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe náà sílẹ̀ níbi tó wà, a ó wá ti ìró mọ́ ọn lẹ́yìn. Awo fọ́ yángá. Ó fọ́ túútúú. Ó rún wómúwómú. Aṣọ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń túmọ̀ shatter, kó má kàn kọ "fọ́" kó sì máa lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì parí, ó ku yángá.

Fọ́ àti sán

Fọ́ ni ti ohun tó le, tó sì ní inú: awo, ìgò, ìkòkò, igbá, ẹyin, gíláàsì. Bó bá ti fọ́, kò lè gba omi dúró mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò ní ó sán, nítorí pé ohun tó sán ṣì ní àtúnṣe.

Sán ni ti ìlà tó gba ara nǹkan kọjá láìjẹ́ pé ó pín in sí méjì. Ògiri sán, ìkòkò sán, igbá sán. Crack ni Òyìnbó ń pè é. Tí ìlà ara ògiri bá wá fẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́, a ó ní ògiri ti lanu, ibẹ̀ sì ni aláǹgbá ti ń ráyè wọlé. Bí ó bá sì wá dé ilẹ̀ pátápátá, ó wó ni, kò fọ́. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ máa ń kọ ọ́ pé "ilé wa fọ́" nígbà tí òjò bá wó ilé. Ilé tó fọ́, olè ló fọ́ ọ. Níbi ìyẹn Òyìnbó àti Yorùbá bára mu: break in ni wọ́n ń pè é, fọ́lé là ń pè é.

Nílùú tí wọ́n ti ń fín igbá bíi Ọ̀yọ́, ìyàtọ̀ fọ́ àti sán kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán. Owó ni. Igbá tí wọ́n ti fín, tí ọnà wà lára rẹ̀ yí ká, tó bá sán, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á fi okùn gán an bí ẹni ránṣọ. Ó lè má gba omi mọ́, àmọ́ yóò gba èlùbọ́, yóò gba ẹ̀wà. Èyí tó bá fọ́, akitan ni.

Ti eegun

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀ jù. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé, ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ní ọsibítù sọ fún ọmọ náà pé ẹsẹ̀ màmá ti break, òótọ́ sì ni. Ọmọ náà pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún: "Ẹsẹ̀ Màmá ti fọ́." Ẹsẹ̀ tó fọ́! Ohun tí mo rí lójú ọkàn mi ni ẹsẹ̀ tí mọ́tò gùn mọ́lẹ̀. Mi ò sùn. Mo yá owó lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wọkọ̀ ìdájí. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń mu ẹ̀kọ, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó lé mi wá láàárọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀. Dókítà gbé fọ́tò eegun náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fún mi: ìlà kan bí irun orí, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Eegun sán. Bí ọmọ náà bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ǹ bá ti rí oorun sùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe ògbufọ̀ fún aláìsàn, kó dákun kó má fi break àti fọ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yí tó sì wú ṣùgbọ́n tí eegun ò ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ rọ́ ni, sprain ni Òyìnbó ń pè é. Bí eegun bá kúrò ní oríkèé rẹ̀, ó yẹ̀ ni, dislocate nìyẹn. Bí ìlà bá gbà á kọjá, ó sán. Bó bá di méjì, ó ṣẹ́, tàbí ó dá gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń pè é. Bó bá jẹ́ ọrùn tàbí ẹ̀yìn, kán là ń lò: ó kán lọ́rùn. Ìgbà tí eegun bá di wẹ́wẹ́ lábẹ́ nǹkan tó wúwo la tó lè ní ó fọ́ tàbí ó rún. Baba tó ń to eegun á bi ọ́ bóyá ó yẹ̀ ni àbí ó ṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, dókítà náà á sì bi ọ́. Ìdáhùn kan náà ló yẹ kí àwọn méjèèjì gbọ́.

Fracture tí àwọn dókítà ń lò, inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣẹ́. Ara ọ̀rọ̀ yẹn náà ni fragile ti wá, tí wọ́n ń kọ sára páálí ẹrù gíláàsì, àti fraction tí àwọn ọmọ ń ṣe nínú ìṣirò. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo rí èyí, nítorí pé ọ̀nà kan náà làwọn baba wa gbà: igi dá, eegun dá, a sì ní ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́wàá, ìdajì. Mo máa ń fi igi gbígbẹ kan kọ́ àwọn ọmọ ní fraction báyìí. Mo á dá a níwájú wọn, kò sì sí ẹni tí kì í yé.

Ṣẹ́ yìí kan náà ni ti gbogbo ohun tó gbọọrọ tó sì gan: igi, pẹ́ńsù, ọwọ́ síbí, ẹsẹ̀ àga. Snap ló sún mọ́ ọn jù, pàápàá bó bá dún páá. Ẹni tó ń lọ ṣẹ́gi lóko, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lọ ṣẹ́. Èyí tó bá nípọn, ààké ni, a ó la á. Split ni la.

Já, ya, àti cut tí kì í ṣe cut

Bàtà ẹnìkan fà já lọ́nà, ó ní, "My slippers has cut." Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ ọ? Fóònù dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ó ní ìpè náà cut. Já ló wà nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ń wá Òyìnbó tó máa gbé e. Cut tó mú, gé ni. Gé sì nílò abẹ, ọ̀bẹ, síṣọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó mú ọ̀bẹ sí bàtà yẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, okùn bàtà snap tàbí kó break, bọ́tìnì tó já come off, ìpè fóònù tó já drop, ewé tí a já lára igi, pluck la ṣe sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni já lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà mẹ́rin ló yà sí lọ́dọ̀ wọn. Ibí yìí, àwọn ló ń bi wá léèrè irú ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Já ni ti ohun tó rọ̀ tó sì ń fà: okùn, òwú, wáyà, néètíwọ́ọ̀kì. Ya ni ti ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ: aṣọ, ìwé, ọ̀rá. Tear ni. Bẹ́ ni ti ohun tí nǹkan kún inú rẹ̀ tó wá jáde lójijì, bíi táyà tàbí páìpù omi, burst nìyẹn, òun náà là ń lò fún ogun àti àìsàn: ogun bẹ́ sílẹ̀, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Ẹ mú bàtà awọ kan ṣoṣo, kí ẹ wò ó: okùn rẹ̀ lè já, awọ rẹ̀ lè ya, híìlì rẹ̀ lè kán. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe á gbọ́ èyíkéyìí nínú ẹ̀, á sì mọ irinṣẹ́ tó máa mú. Sọ fún un pé bàtà rẹ fọ́, á ní kóo gbé e wá kí òun wò ó.

Lẹ́nu oúnjẹ

Ká má pẹ́ níbí. Ẹyin là ń fọ́. Búrẹ́dì là ń bù. Àgbọn àti ẹkùrọ́ là ń pa, ẹ̀gúsí là ń bó. Obì náà, pípa là ń pa á fún àlejò, awẹ́ awẹ́. Bó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi bi òrìṣà léèrè ọ̀rọ̀, a dá obì, ìyẹn kúrò ní ti break.

Bíbu àkàrà tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:42 jẹ́ ìtumọ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀. Òyìnbó Bíbélì 1611 kọ ọ́ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa pé Jésù "brake" àkàrà náà. Bí wọ́n ṣe ń sọ broke nígbà náà nìyẹn, kò bá ti ọkọ̀ tan. Àmọ́ ìró brake àti break ò yàtọ̀ títí dòní, àwa náà sì ti sọ méjèèjì di bíréèkì: dírẹ́bà tẹ bíréèkì, àwọn ọmọ ilé ìwé lọ bíréèkì. Bí a bá ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, b-r-a-k-e ni ti ọkọ̀ o, mo ti fi ìwé padà fún àwọn àgbàlagbà pàápàá lórí èyí.

Ohun tí ọwọ́ ò lè dì mú

Òfin kì í fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣẹ́. A máa ń rú u, ẹni tó rú u sì ni arúfin. Mo gbọ́ "fọ́ òfin" lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan rí, ó dùn mí. Ìlérí àti àdéhùn máa ń yẹ̀, bí eegun ṣe ń yẹ̀ ní oríkèé. Ìtumọ̀ wọn ò jìnnà síra: nǹkan ti kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì lè padà síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá break appointment nítorí pé òjò rọ̀, àdéhùn yẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rẹ́ hàn fún ọ̀tá ni, ìyẹn kọjá yẹ̀, ó dalẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ilẹ̀ ń fi ẹni tó bá dalẹ̀ ṣe. Breach àti betray ni Òyìnbó fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù tó bá fi dalẹ̀ túmọ̀ breach of contract, ó ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó dé.

Break the fast ní ojú méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ramadan, bí wọ́n bá ti pe ìrun Mágàríbì, wọ́n ṣínu. Bí ẹnìkan bá mumi ní ọ̀sán gangan, kò ṣínu, ó ba ààwẹ̀ jẹ́. Gbólóhùn kan náà ni Òyìnbó ń lò fún èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Breakfast tí wọ́n ń jẹ láràárọ̀, ìṣínu ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀: ààwẹ̀ òru ni wọ́n ń já.

Ìlú ńkọ́? Nígbà tí ogun àti ìjà abẹ́lé sọ Ọ̀yọ́ Ilé dahoro ní àwọn ọdún 1830, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tí a wà nínú rẹ̀ yìí dó, àwọn ìwé Òyìnbó ní ìjọba náà break up. Àwọn baba wa ní Ọ̀yọ́ Ilé tú. Bí ìdì tí wọ́n tú okùn rẹ̀ ni tú, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò parun, ó kàn fọ́nká ni. Ìgbéyàwó náà máa ń túká. Ara àwọn tí ogun ayé ìgbà yẹn tú ká ni ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Òun ló wá di Samuel Crowther, tó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1843. Ọmọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló jókòó ti àwọn ọ̀rọ̀ báyìí, tó ń gbé wọn síra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń yan èyí tó bá mu.

A ò gbọdọ̀ gbàgbé túfọ̀ náà. Bí èèyàn bá kú, Òyìnbó ní kí wọ́n break the news fún ẹbí. Àwa ní wọ́n túfọ̀. Ọ̀rọ̀ ikú nìkan ló wà fún, má lò ó fún ẹni tó yege ìdánwò.

Ti ọkàn ló le jù fún mi. Mo ń ṣe ògbufọ̀ fún oníwàásù kan lọ́jọ́ kan, ó ní "broken heart", mo ní "ọkàn tó fọ́". Lẹ́yìn ìsìn, bàbá kan tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn kì í ṣe àwo. Lọ ka Sáàmù 51." Ìròbìnújẹ́ ọkàn ló wà níbẹ̀, ní ẹsẹ 17: ọkàn tí ìbànújẹ́ ti jẹ dé inú, tó wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà mo ti ń wo ohun tí ọkàn náà ń ṣe kí n tó yan ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ìrònúpìwàdà, ìròbìnújẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ọ̀dọ́kùnrin náà já a kulẹ̀. Ọgbẹ́ máa ń san. Èyí tó fọ́ kì í san.

Ẹ̀rọ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ó bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá kú lójú ọ̀nà tó sì tún ta, ó dákú ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gan pa, kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé ó nọ́ọ̀kì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lò ní gáréèjì.

Mo padà sí Akẹ̀sán ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti gán igbá náà, okùn funfun ló gba àárín ọnà rẹ̀ kọjá, mo sì rà á láti máa fi kó ṣọ́ọ̀kì sí. Ẹgbẹ̀rún kan náírà odindi ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí ṣéńjì. Ìyá na owó náà sí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ní, "Sáré lọ ṣẹ́ ẹ lọ́dọ̀ aláta." Ọmọ náà dúró, ó wo owó, ó wo ìyá.

"Mọ́mì, ẹ ní igbá kì í ṣẹ́."

"Owó ní ń ṣẹ́," ni wọ́n wí, ọmọ náà sì sáré lọ.